Irùngbọ̀n tí Bàbá Mi Kò Fẹ́

Bàbá mi kì í jáde nílé láìfá irùngbọ̀n rẹ̀. Òjò ìbáà máa rọ̀, ààwẹ̀ ìbáà máa lọ lọ́wọ́, bó bá ti kírun àsùbáà dé, yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí àgbàlá, yóò gbé omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì dojú kọ dígí kékeré tó fi kọ́ sára òpó. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni ilé wa wà, nínú agboolé tí ojúlé fún mọ́ra débi pé ẹni tó bá sín ní yàrá kan, ará yàrá kejì ni yóò bá a ṣàdúà. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe níbẹ̀ tí kò ní rí olùwòran. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ó dùn mọ́ ọn nínú. Àwọn obìnrin tó to kòrobá sídìí ẹ̀rọ omi á máa wò ó, àwọn ọkùnrin tó ti fi pákò sẹ́nu á máa wò ó, òun náà á sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Inú ọkọ̀ òkun ló ti kọ́ ọ. Nígbà èwe rẹ̀ ó bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlú Òyìnbó, iṣẹ́ gbígbé tíì àti oúnjẹ fáwọn ọ̀gá, wọ́n sì sọ fún un níbẹ̀ pé ẹni tó bá máa gbé oúnjẹ síwájú èèyàn kò gbọdọ̀ ní irun lójú. Ó kúrò nínú ọkọ̀, ó di akọ̀wé ní èbúté, ó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ kò fi abẹ sílẹ̀. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì, ó ní ọṣẹ inú ife tánganran, ó ní résà onírin tí wọ́n ń ki bíléèdì bọ̀ lẹ́nu, ó ní òkúta álọ́ọ̀mù tó fi ń pa ojú lẹ́yìn tó bá fá a tán. Gbogbo wọn wà nínú àpótí kékeré kan tí káfíńtà kan ní Pópó Àgùdà kàn fún un, èmi nìkan ló sì ń gbà láyè láti nù ún.

Ẹ má bínú sí mi bí mo ṣe ń ṣàlàyé irùngbọ̀n bí ẹni tó ní i. Ojú mi kì í sinmi láti kékeré. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń ta léèsì ní Balógun, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá sin mí, n óò bi àwọn tó gbẹ́ sàréè pé kí ló dé tí wọn kò gbẹ́ ẹ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi ló bà mí jẹ́, nítorí kì í lé mi. Mo bi í pé kí ló dé tí omi gbọ́dọ̀ gbóná. Ó ní irun tó bá ti mu omi gbígbóná ló máa ń rọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í fa abẹ lòdì sí bí irun ṣe sùn, ṣebí ìyẹn ni yóò mú un kúnná jù. Ó ní irun tiwa ń ká kò bí ewé tí iná rà, ẹni tó bá fá a lódì, irun náà á yí orí padà wọnú ẹran, á di kókó. Ó fi ọrùn àwọn ọkùnrin àdúgbò tó ń fi ìbínú fárùngbọ̀n hàn mí. Ọrùn wọn rí gbágungbàgun, tirẹ̀ ń jọ̀lọ̀.

Ohun tó wù mí jù ni ìró rẹ̀. Ọṣẹ á ti hó funfun bo àgbọ̀n, abẹ á gba inú rẹ̀ kọjá, èèyàn á sì gbọ́ ìró kan ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀. Ibi tí abẹ bá gbà kọjá á dán gbinrin láàárín ìfófòó náà, bàbá mi á fọ abẹ sínú omi, á tún gbé e. Bí mo ti dàgbà tó, tí mo ti di aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níwájú ilé, mo ṣì máa ń wá nǹkan ṣe ní àgbàlá ní àárọ̀ kí n lè gbọ́ ọ. Ìyá mi ti jáde láyé nígbà náà, èmi àti bàbá mi la jọ kù nínú yàrá méjèèjì wa.

Ọdún tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tò lọ rẹrẹ lójú òkun, tí èèyàn lè dúró ní Màríínà kó máa wo iná wọn bí ìlú kejì, ni bàbá mi kò fárùngbọ̀n mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo gbé omi gbígbóná sílẹ̀ fún un, ó ní ara òun wúwo. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó fi omi náà bọ́jú. Nígbà tó yá, ó ní kí n má gbé e kaná mọ́. Irun náà jáde, funfun báláú, ó kọ́kọ́ rí ṣákaṣàka, lẹ́yìn náà ó gùn, ó sì bo gbogbo àgbọ̀n rẹ̀ dé ọrùn. Mo wò ó títí, kò jọ bàbá mi. Ó jọ ẹnì kan tó wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Lágboolé tiwa, bí ọkùnrin Mùsùlùmí tó ti dàgbà bá dá irùngbọ̀n sí, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ẹnikẹ́ni kò bi bàbá mi léèrè. Wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ní ayé ti sú u, Ọlọ́run ló ń wá. Àwọn kan ní Mẹ́kà ló ń múra rẹ̀. Àwọn tó ti ń fi ojú dídán rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní ọkọ ìyàwó, bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún un. Nínú mọ́sálásí àdúgbò, níbi tó ti ń kírun ní sàfù ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n fà á lọ sí sàfù iwájú, lẹ́yìn Lèmọ́ọ̀mù gan-an. Ó lọ. Ẹni tí wọ́n bá fà lápá nínú mọ́sálásí kì í jà.

Ohun tó wá fi èdìdì dì í ni tẹ̀súbáà. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mú tẹ̀súbáà dúdú kan dání láti àárọ̀ títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Ó jókòó, ìka rẹ̀ ń lọ lórí ìlẹ̀kẹ̀. Ó dìde, ìka rẹ̀ ń lọ. Bó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ owó ilé tàbí ọ̀rọ̀ ẹja, ìka rẹ̀ kì í sinmi. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi rí i, wọ́n ní irú ìrántí Ọlọ́run báyìí, àfi àwọn àgbà ayé àtijọ́. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti ń gbé sàráà wá. Àkàrà ń wọlé, wàrà ń wọlé, obì ń wọlé. Aboyún ń kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi kí bàbá mi lè fi wọ́n sínú àdúà. Bàbá mi á wo ilẹ̀, á ṣe àdúà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á lọ.

Àǹtí ní tirẹ̀ kò mọ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun dúpẹ́. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bọ́ gèlè, ó jókòó tì mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pé tí ẹrẹ̀ bá ta sí bàtà rẹ̀, ó lè má jáde lọ́jọ́ náà,” ló wí, “òun ló wá di wòlíì. Ọlọ́run tóbi. Ní Balógun lónìí, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ní ṣé èmi ni àbúrò Àlùfáà.”

“Kí lẹ wá sọ?”

“Kí ni kí n sọ? Mo ní èmi ni. Ó ra léèsì.”

Èmi kò gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé mo rò pé bàbá mi kò lè bẹ̀rù Ọlọ́run, ó ń bẹ̀rù rẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀, ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé inú rẹ̀ kò dùn. Ẹni tó bá dá irùngbọ̀n sí nítorí Ọlọ́run yóò máa fọwọ́ pa á, yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bàbá mi, bó bá jẹ ọbẹ̀ tán, á fi aṣọ nu irun náà bí ẹni tó ń nu nǹkan oníǹkan. Á máa họ ọ́. Bí ẹnì kan bá pè é ní Àlùfáà, á dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á lọ síbòmíì.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo ṣí àpótí ìfárùngbọ̀n rẹ̀ láti nù ún bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì rí i pé ó ti tọ́jú ohun gbogbo síbẹ̀ dáadáa, àfi bíléèdì tó wà lẹ́nu résà, tó ti dípẹtà, tí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì wà létí rẹ̀. Bàbá mi kì í fi bíléèdì sílẹ̀ láìfọ̀ ọ́. Mo tún rí i pé kì í gba tíì tó kún ife mọ́, ó ní àbọ̀ tó òun. Bẹ́ẹ̀ náà ló kó bùbá rẹ̀ tó ní bọ́tìnnì fún mi, ó ní kí n já bọ́tìnnì ara wọn dànù, kí n gé ọrùn wọn fẹ̀ kí òun lè máa ti orí wọ̀ wọ́n. Ó ní bọ́tìnnì ń fún òun lọ́rùn. Èmi ni mo rán àwọn bùbá náà. Wọn kò fún un lọ́rùn rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó jókòó lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo kọjú sí i. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àdúà tán, ó ti lọ. Mo ń ṣe bí ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá mi ni mò ń wò. Aránṣọ a máa wo ọwọ́ ju ojú lọ. Ìgbà náà ni mo rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ kò kọjá. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń yí ìlẹ̀kẹ̀ kan náà síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, kò fi í sílẹ̀ kó mú èyí tó kàn. Ètè rẹ̀ pa dé.

“Bàbá, kí lẹ ń kà?”

“Kí lẹni tó mú tẹ̀súbáà máa ń kà?”

“Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ mú látìgbà tí ẹ ti jókòó, ẹ ò tíì kúrò lórí ẹ̀.”

Ó wo ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ó dìde, ó wọnú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé tẹ̀súbáà náà sórí tábìlì mi láàárín àwọn àjákù aṣọ, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú mi. Láìsí ìlẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Kì í ṣe ìgbọ̀n òtútù. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń yí lórí ara wọn, bí ẹni pé wọ́n ń wá ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ó jẹ́ kí n wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ òsì bò ó.

“Ìgbà òjò ló bẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Mo rò pé á lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé abẹ sábẹ́ àgbọ̀n, ó sì fò lọ́wọ́ mi, ó gé mi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé gbogbo wọn ń jà sí omi lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí mi.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Kí n sọ fún ta ni? Nínú ilé yìí? Wọ́n á ní ọtí tí mo mu lókè òkun ló ń jáde. Àwọn yòókù á máa wá ẹni tó sà sí mi. Wọ́n á sì máa ṣàánú mi, ìwọ ọmọ yìí. Wọ́n á máa gba ife lọ́wọ́ mi kó má dànù. Mi ò dá irùngbọ̀n sí. Ó kàn hù ni. Nígbà tó hù tán, àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi ohun tó jẹ́.”

Mo sunkún díẹ̀, mi ò fi bò. Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan nínú Erékùṣù. Dókítà ní kì í ṣe ọtí, kì í ṣe ọwọ́ ayé, ó ní àìsàn kan ni tó máa ń bá àgbàlagbà, ó fún un ní oògùn tí yóò dín in kù, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé yóò lọ. Nígbà tí a ń bọ̀ mo ní ká jẹ́ kí onígbàjámọ̀ ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí bá a fá irun náà kúrò, kí ojú rẹ̀ lè padà. Ó ní bí onígbàjámọ̀ bá di òun lórí mú, ṣé kò ní í rí bí ọwọ́ ṣe ń ṣe ni? Ó ní onígbàjámọ̀ tí kò bá ń sọ̀rọ̀, ebi ni yóò pa á. Mo ní èmi ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, èyí tí kò tíì ṣe láti ọjọ́ yìí, ó ní abẹ kì í ṣe sísọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ì bá parí síbẹ̀ títí, bí kì í bá ṣe ti Lèmọ́ọ̀mù. Ó wá lọ́jọ́ Àìkú kan pẹ̀lú ìdùnnú lójú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kéré sí bàbá mi lọ́jọ́ orí, kì í gbóhùn sókè. Ó ní àwọn àgbà mọ́sálásí ti fikùn lukùn, wọ́n sì ti fẹnu kò pé àwọn fẹ́ wé láwàní oyè Bàbá Àdínì fún bàbá mi. Ó ní kò sí ẹni tí kò rí ìyípadà tó dé bá a. Àwọn yóò padà wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti gbọ́ èsì rẹ̀, kí wọ́n lè kéde rẹ̀ ní Jímọ̀. Àǹtí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irú aṣọ tí a ó wọ̀.

Lẹ́yìn tí Lèmọ́ọ̀mù lọ, bàbá mi kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

“Láwàní yẹn,” ló sọ fún mi, “irùngbọ̀n yìí ni wọ́n fẹ́ wé e fún, kì í ṣe èmi. Bí mo bá gbà á, mi ò lè fá a mọ́ láéláé. Màá gbé e wọ sàréè. Màá máa jókòó níwájú, wọ́n á máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ fọ́mọ wọn, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mo bá kọ̀ ọ́, wọ́n á bi mí pé kí ló dé, mo sì gbọ́dọ̀ na ọwọ́ yìí síta.”

“Èwo lẹ fẹ́ níbẹ̀?”

Ó wo àpótí ìfárùngbọ̀n rẹ̀. “Ṣé o lè gbé abẹ sójú èèyàn láìgé e?”

Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Nínú ìbànújẹ́ mi, nǹkan kan nínú mi ti ń sáré lọ síwájú láti wò ó bóyá ó ṣeé ṣe.

Mo lọ bá onígbàjámọ̀ ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú hàn mí. Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní ìsọmọlórúkọ ta ló ń bọ̀ tí wọn ò pe òun. Mo ní aṣọ kan ni mo fẹ́ fi ṣe, irọ́ kékeré náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, bí ẹ óò ṣe rí i. Ó ní kí n fi ìka òsì fa awọ ara le kí n tó gbé abẹ lé e. Ó ní kí n jẹ́ kí abẹ sùn sílẹ̀, kí n má tẹ̀ ẹ́ rárá. “Ìwúwo abẹ ti tó. Tó o bá ti fi tìrẹ kún un, ẹ̀jẹ̀ ni.”

Nílé mo wá ohun tí n óò fi kọ́ ọ. Ojú mi kò gbà pé kí n fi ara èèyàn kọ́ ọ. Mo ní àjákù àrán kan ní ṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ pupa, tó ṣẹ́ kù lára ìró tí mo rán fún oníbàárà kan. Irun wà lójú àrán, aṣọ sì wà lábẹ́ irun náà, gẹ́lẹ́ bí ojú ọkùnrin. Mo fà á le sórí ìgò, mo ki bíléèdì tuntun bọ résà bàbá mi, mo bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ fá, mo ya á pẹ̀rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e náà ya. Mo bínú, mo jù ú sílẹ̀, mo lọ dáná, mo tún padà wá. Nígbà tí mo rántí pé àrán ní ibi tí irun rẹ̀ kọjú sí, tí gbogbo aránṣọ sì mọ̀ pé èèyàn kì í gé e lódì, mo fọwọ́ pa á láti mọ ibi tó sùn sí, mo sì jẹ́ kí abẹ tẹ̀ lé e. Irun pupa náà bọ́ sílẹ̀ bí eruku, aṣọ sì kù lábẹ́ rẹ̀, pẹlẹbẹ, láìní ihò. Mo gbé e sójú fèrèsé kí n lè wò ó dáadáa. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Títí di Ọjọ́rú, kò sí àrán kankan ní ṣọ́ọ̀bù mi tó ṣì ní irun lójú.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásàrí, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo sì ṣí fèrèsé. Bàbá mi jókòó, mo fi aṣọ bo àyà rẹ̀, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ aṣọ náà. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó gùn kúrò. Mo rẹ tówẹ́ẹ̀lì sínú omi gbígbóná, mo fún omi rẹ̀ dànù, mo fi bo ojú rẹ̀ títí irun fi rọ̀. Lẹ́yìn náà mo po ọṣẹ.

Èmi kò fọwọ́ kan ojú bàbá mi rí kó tó dọjọ́ náà. Ta ló ń fọwọ́ kan ojú bàbá rẹ̀? Mo kọ́kọ́ fi ìka wá ibi tí irun sùn sí. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Lábẹ́ àgbọ̀n ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ọrùn níbì kan ó ń yí po bí omi tó ń wọ kòtò. Ó yà mí lẹ́nu pé ojú kan ṣoṣo lè ní ọ̀nà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti pé bàbá mi ti mọ gbogbo ọ̀nà náà sórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fa awọ le. Mo gbé abẹ lé e, mi ò tẹ̀ ẹ́.

“Bàbá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ìró ẹ̀?”

“Inú eegun ni mo ti ń gbọ́ ọ,” ló wí, láìmira. “Tèmi ń dún ju tìẹ lọ.”

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Mo dúró díẹ̀ kí n lè ronú sí i. Abẹ́ aṣọ ń mì níbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ dúró ṣinṣin, bí ẹni pé gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ ló kó síbẹ̀ fún mi. Mo dé ibi gògóńgò. Ó ní nígbà tí wọ́n fá irun orí mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, orí itan òun ni mo wà, mo ń ké, òun sì ń bẹ̀rù jù mí lọ. Mo ní kó má sọ̀rọ̀. Àpá kan hàn lábẹ́ àgbọ̀n, ibi tí abẹ ti gé e lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibì kan ṣoṣo létí rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti yọ, ó kéré, mo fi álọ́ọ̀mù pa á. Mo nù ún. Bàbá mi ti rù díẹ̀ lábẹ́ irun náà, ṣùgbọ́n òun ni. Mo sọ fún un pé òun ni. Ó yọ ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà jáde, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó pa á títí.

Àǹtí gbé obì wọlé, ó rí i, abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n mà ń bọ̀ o.” Bàbá mi ní òun mọ̀. Tẹ̀súbáà wà lórí ibùsùn. Mo wò ó, òun náà wò ó, ó sì jáde sí pálọ̀ láìmú un.

Lèmọ́ọ̀mù wọlé pẹ̀lú àgbà mọ́sálásí méjì. Wọ́n kí i, wọ́n jókòó sórí ẹní, ojú wọn sì lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ẹ ṣé tí ẹ wá. Ẹ ti rí ojú mi. Ẹ wá wo ọwọ́ mi.” Ó nà án síwájú wọn, ó sì jẹ́ kó máa gbọ̀n. “Èyí ló fa irùngbọ̀n. Kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Mi ò lè gbé abẹ mọ́ ni. Tẹ̀súbáà tí ẹ ń rí, mò ń fi bò ó ni. Mi ò lè gba láwàní.”

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú Àǹtí, Àǹtí sì di ọwọ́ mi mú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wúkọ́.

“Àdúà tí ẹ ń ṣe fáwọn èèyàn wá ńkọ́? Ìyàwó mi gba àdúà lọ́wọ́ yín.”

“Mo ṣe é. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.”

Lèmọ́ọ̀mù kò tíì mójú kúrò lára ọwọ́ náà. “Kí lẹ wá ń tọrọ fún ara yín, Bàbá, ní gbogbo ìgbà yẹn?”

“Kí ẹ má rí i.”

Lèmọ́ọ̀mù dìde lórí ẹní. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá mi, ó gba ọwọ́ náà, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì í mú. Ó ní, “A ti rí i.” Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àdúà fún un. Apá aṣọ rẹ̀ ń mì bí ọwọ́ bàbá mi ṣe ń gbọ̀n nínú tirẹ̀, títí ó fi parí, kò sì sí ẹni tó gbójú kúrò.